Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike, Ẹni tó Gba Ìwé lọ́wọ́ Ikán

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá dé Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ óò rí ilé ìkàwé ńlá kan. Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ni à ń pè é. Ta ni Dike? Kí ni wọ́n ṣe tí a fi fi orúkọ wọn sọ ilé ìwé?

Ọmọ Ìgbò ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Onwuka Dike. Ìlú Awka la bí wọn sí ní ọdún 1917. Wọ́n kàwé ní Sàró àti ní Ìlú Ọba, wọ́n sì di ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó máa ń wí pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn. Dike kò gbà. Wọ́n ní ìtàn wa wà lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì wà nínú ìwé àtijọ́.

Níbo làwọn ìwé náà wà? Káàkiri ọ́fíìsì ìjọba ni. Eruku bo òmíràn, ikán ń jẹ òmíràn. Láti ọdún 1951, Dike ń wá wọn kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ní 1954, ìjọba dá ilé ìpamọ́ ìwé sílẹ̀, ó sì fi Dike ṣe olórí rẹ̀. Ilé ìpamọ́ náà wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn di òní.

Nígbà tí a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Lọ́ńdọ̀nù ló ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oyè. Ní 1960, Dike di ọ̀gá ibẹ̀, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ní 1962, Ìbàdàn di yunifásítì tó dá dúró, tó lè fúnra rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní oyè. Dike ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní 1966, ìlú dàrú. Dike fi Ìbàdàn sílẹ̀, wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ìhà Biafra ni wọ́n wà. Wọ́n kú ní 1983. Síbẹ̀, orúkọ wọn kò parẹ́ n'Ìbàdàn. Ogun kò lè pa iṣẹ́ rere rẹ́.

Báwo làwa náà ṣe lè bọlá fún wọn? Ká tọ́jú ìwé tiwa. Ẹni tí ikán jẹ ìwé ilẹ̀ rẹ̀, kí ni yóò fi hàn ní kóòtù? Ẹ kó ìwé ilẹ̀, ìwé owó orí àti ìwé ìbí ọmọ sínú àpótí onírin. Ẹ má gbé e kalẹ̀ lásán. Bí àgbà bá sì ń sọ ìtàn ilé yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Ìbéèrè
1. Kí ló ń jẹ àwọn ìwé ìjọba kí Dike tó dé?
2. Kí ló yí padà n'Ìbàdàn ní 1962?
3. Níbo ni ìwé ilẹ̀ tiyín wà? Ẹ lọ wò ó lónìí.