Wọ́n ní mo jẹ gbèsè owó ìtọ́jú ọmọ: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Takisí ni mo ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ara mi ni, n kò ní ọ̀gá. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti pínyà láti ọdún 2022, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn ìbejì wa ń gbé. Lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Child Maintenance Service (CMS) pé mo jẹ gbèsè £4,784. Wọ́n ní £96 ló yẹ kí n máa san lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ £50 ni mo ń san. Owó tó ń wọlé fún mi ti já wálẹ̀ gidigidi. Mo san owó ilé fún un fún oṣù mẹ́rin, mo ra yúnífọ́ọ̀mù, gbogbo alẹ́ Sátidé ni àwọn ọmọ sì ń sùn lọ́dọ̀ mi. Mo tún ń fi owó ránṣẹ́ sí màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé wọn ò ní ka gbogbo èyí sí ni? Ṣé kí n dá owó náà dúró títí wọn yóò fi tún un ṣe?

Bàbá Ìbejì, Peckham

ÌDÁHÙN

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ni n óò kọ́kọ́ dáhùn: rárá o, ẹ má dá owó náà dúró. Bí ẹ tilẹ̀ ń ta ko ìṣirò CMS, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ kò bá san yóò máa gorí gbèsè ni, àwọn ìbejì kò sì ní ṣíwọ́ oúnjẹ jíjẹ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ohun tí agbára yín bá ká, ẹ máa san án, kí ó sì máa gba báǹkì.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. N kò tíì gbọ́ tẹnu ìyá àwọn ọmọ yín, nítorí náà n kò ní dá a lẹ́bi, n kò sì ní dá yín láre. Ohun tí ìwé lè fi hàn ni n óò bá yín sọ, torí òun náà ni CMS ń wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dì mọ́ra nínú £4,784 yẹn: iye tí wọ́n ṣírò fún yín, iye tí ẹ ti san, àti bí ẹ óò ṣe san èyí tó bá kù. Ibi tí wọ́n ti ń yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lórí fóònù, tí ìbínú á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tí wọn kò sì ní rí ọ̀kankan yanjú.

Iye tí wọ́n ṣírò

Ẹ jẹ́ ká tú £96 náà wò. Bí owó tó ń wọlé fún òbí lọ́sẹ̀ bá wà láàárín £200 sí £800, ìdá 16 nínú 100 ni yóò san fún ọmọ méjì. Èyí ni pé wọ́n kà á sí pé £600 ni ẹ ń rí lọ́sẹ̀, ìyẹn £31,200 lọ́dún. Ọ̀dọ̀ HMRC, àwọn agbowó-orí, ni CMS ti ń gba iye yìí. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, èrè ni wọ́n ń wò: ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹ ti yọ owó epo, ìnṣọ́ránsì, àtúnṣe mọ́tò àti owó láísẹ́ńsì kúrò nínú owó tí àwọn èrò san. Owó tí ẹ bá ń fi sí pẹ́ńṣàn àdáni náà ń jáde nínú rẹ̀.

Ẹ wo lẹ́tà ìṣirò náà dáadáa: ọdún owó-orí wo ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni ọdún owó-orí ń parí, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e sì ni gbèdéke fífi ìwé owó-orí ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi í falẹ̀, iye ọdún tó ti kọjá tipẹ́ ni CMS yóò máa lò fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ tètè fi èyí tó kù ránṣẹ́.

Bí owó tí ẹ ń rí báyìí bá fi ìdá 25 nínú 100, ó kéré tán, yàtọ̀ sí iye tí HMRC fún wọn, ẹ lè ní kí wọ́n lo ti ìsinsìnyí. Ká ní ìwé ìṣirò yín fi hàn pé £400 ni èrè yín lọ́sẹ̀. Ó ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín, ó ti kọjá ààlà náà. £96 á di £64. Bí àwọn ọmọ bá sì ń sùn lọ́dọ̀ yín fún òru 52 sí 103 lọ́dún, wọn yóò yọ ìdá kan nínú méje. Òru 52 gẹ́lẹ́ ni alẹ́ Sátidé inú ọdún máa ń jẹ́, nítorí náà ẹ má pa ọ̀kankan jẹ, kí ẹ sì máa kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ó bá pé, £64 á di nǹkan bíi £55. Ẹ ò rí i pé kò jìnnà sí £50 tí ẹ ń san? Ohun tó sọ ọ́ di gbèsè ńlá ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún CMS.

Àmọ́ n kò ní tàn yín. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ nípa àyípadà ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọn kì í sábà dá a padà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ pè wọ́n lónìí. Fún àwọn oṣù tó ti kọjá, ọ̀nà méjì ló wà. Bí lẹ́tà ìpinnu lórí ìṣirò kò bá tíì pé ọjọ́ 30, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì lè gbà á títí di oṣù 13, bí ìdí gidi bá wà fún ìdádúró náà, bí àìsàn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní oṣù kan láti gbé e lọ sí First-tier Tribunal, níbi tí adájọ́ tí kì í ṣe ara CMS yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀nà kejì ni pé bí iye tó wà lọ́dọ̀ HMRC fúnra rẹ̀ kò bá tọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ wá ní kí CMS tún ìṣirò ìgbà náà wò.

Ní ti owó Màmá ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo mọ̀ pé ẹ kò lè ṣe kí ẹ má fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ àjọ tí ẹ bá ń dá. Ọmọ mìíràn tó bá ń bá yín gbé nínú ilé ni wọ́n máa ń rò mọ́ ọn: ìdá 11 nínú 100 owó yín ni wọ́n ń yọ fún ọmọ kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Iye tí ẹ ti san

Ẹ kọ̀wé sí CMS pé kí wọ́n to gbèsè náà fún yín ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa yín, láàárín oṣù kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá tẹ́ ìwé báǹkì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sàmì sí gbogbo owó tó lọ sọ́dọ̀ ìyá àwọn ọmọ. Èyí tí ẹ fi lé e lọ́wọ́ ló ṣòro fi hàn. Bí ó bá kọ ọ́ sí yín lórí WhatsApp pé òun ti rí i gbà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa kọ “owó ìtọ́jú ọmọ” sára owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́.

Owó ilé oṣù mẹ́rin náà lè wọ inú ohun tí ẹ san, bí ìyá àwọn ọmọ bá gbà nígbà náà pé dípò owó ìtọ́jú ni. Owó ilé, mọ́géèjì, council tax, owó iná, gáàsì, omi àti àtúnṣe ilé tó pọn dandan ni òfin mọ̀. Yúnífọ́ọ̀mù àti bàtà kò sí níbẹ̀. Ó dára kí baba máa ra bàtà fún ọmọ, ẹ kàn má kà á mọ́ owó ìtọ́jú.

Èyí tó bá kù

Ẹ má fara pamọ́. Nítorí pé ẹ kò ní ọ̀gá tí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, báǹkì yín ni CMS yóò yíjú sí. Wọ́n lè mú owó níbẹ̀ láìkọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Bí wọ́n bá gba àṣẹ gbèsè ní Magistrates' Court, £300 ni wọn yóò fi kún un, béélíìfù sì lè tẹ̀ lé e. Kóòtù tún lè gba páásípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ńsì ìwakọ̀, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn máa ṣe fún oúnjẹ òòjọ́ yín. Òfin kò gba àwọn adájọ́ kóòtù yẹn láyè láti tú ìṣirò CMS wò. Ẹni tó bá dúró dìgbà náà kí ó tó sọ pé iye náà pọ̀ jù, ó ti pẹ́ jù.

CMS tún lè ní kí owó máa gba ọwọ́ àwọn. Ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n ń fi kún ti ẹni tó ń san, ìdá 4 ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbà. £96 á di £115.20 lọ́rùn yín, £92.16 ni yóò dé ọ̀dọ̀ ìyá àwọn ọmọ. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà: inú oúnjẹ àwọn ìbejì ni owó yẹn ti ń jáde. Nítorí náà, ẹ kọ owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, kí ẹ sọ iye tí ẹ lè máa fi kún owó ọ̀sẹ̀ láti fi dín gbèsè kù, kí ẹ sì mú un ṣẹ. Citizens Advice tó wà ní àdúgbò yín lè bá yín kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Àwọn àgbà ìdílé tàbí pásítọ̀ lè fẹ́ dá sí i. Bí wọ́n bá lè mú kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀, ó dára. Bí ìyá àwọn ọmọ bá fúnra rẹ̀ sọ fún CMS pé kí wọ́n má gba gbèsè náà mọ́, wọ́n lè pa á rẹ́. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fúngun mọ́ ọn, ẹ má sì rán àwọn ọmọ níṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ohun tó ná lórí wọn ní gbogbo àkókò tí gbèsè náà fi ń gorí ara, ó ti ná an.

Ẹ̀yin òbí yòókù tó ń ṣiṣẹ́ ara yín, ẹ má dúró de irú lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dín tàbí tí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ sọ fún CMS. Bàbá Ìbejì, ẹni tó ń san £50 lọ́sẹ̀ kò sá fún ọmọ rẹ̀. Ẹ lọ kó ìwé tó máa jẹ́rìí sí i jọ. Olúwa yóò dá Táyé àti Kẹ́hìndé sí fún ẹ̀yin méjèèjì.