Ọmọdé Fẹ́ Yanrìn Ju Àwòrán Ara Ògiri Lọ

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo fẹ́ sọ pálọ̀ àti yàrá kan nínú ilé wa ní Òṣogbo di jẹ́lé-ó-sinmi fún àwọn ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún. Ẹ̀yìnkùlé wa kò tóbi, ṣùgbọ́n igi máńgòrò kan wà níbẹ̀. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n ra sílàídì oníke aláwọ̀ mèremère, kí n sì pe ayàwòrán kó ya kàtúùnù sí gbogbo ara ògiri, nítorí ohun tí àwọn òbí máa kọ́kọ́ rí nìyẹn. Àwọn kan tún ní bí kò bá sí tẹlifíṣọ̀n, ta ló máa mú ọmọ wá? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ náwó lé lórí?

Ìyá Àgbà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfẹ́ ọmọ, Ìyá wa. Ọmọ yín kò parọ́: òbí ló ń sanwó, ojú ni òbí sì fi ń rajà. Ṣùgbọ́n òbí á já ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ló máa wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Òun ni kí ẹ tún ilé ṣe fún.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, bí orúnkún bá gbà, ẹ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ yẹn, kí ẹ wo inú rẹ̀ láti ibi tí ojú yín dé. Abẹ́ tábìlì, ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà fáànù, etí sìmẹ́ǹtì tó ti sán: ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta máa ń wò nìyẹn látàárọ̀. Àwòrán tí ayàwòrán bá yà sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà, àwa àgbà ló yà á fún.

Ọ̀rọ̀ ògiri yìí gan-an ni Anna Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí lé lórí, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Wọ́n kọ́ ọmọ kéékèèké 24 ní sáyẹ́ǹsì, nígbà mìíràn nínú yàrá tí àwòrán bo ògiri rẹ̀, nígbà mìíràn nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ohun tí wọ́n kọ́ nínú yàrá aláwòrán, wọ́n gba nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti yàrá tó ṣófo, wọ́n gba 55. Ọmọ 24 kò pọ̀, n kò sì ní torí ẹ̀ ní kí ẹ sọ ògiri yín di ti àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí kò le lójú, kí ẹ sì béèrè èyí tí kò ní òjé nínú, torí ọmọ ọdún méjì á họ ògiri, á fi ọwọ́ náà sẹ́nu. Kí ẹ wá fi apá kan sílẹ̀ ní ìwọ̀n gíga ọmọ, níbi tí ẹ óò máa lẹ iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn fúnra wọn mọ́.

Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ. Oṣù Kìíní ọdún 1907 ni Maria Montessori ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù. Kò pẹ́ tó fi ní kí wọ́n ṣe tábìlì àti àga tí ọmọ lè dá gbé, àti pẹpẹ tí ọwọ́ ọmọ tó. Ẹ ní kí káfíńtà ṣe irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀, kó má ga ju àyà ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, kó sì kàn án mọ́ ògiri dáadáa kó má baà ya lu ọmọ. Nǹkan díẹ̀ ni kí ẹ tò sórí rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ẹ wo ọmọ tí a kó gbogbo ohun ìṣeré fún nínú àpò kan: á dà wọ́n sílẹ̀, á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, á wá máa béèrè ohun tí òun fẹ́ ṣe. Kí ẹ tún bẹ káfíńtà náà kó gé àjákù pákó rẹ̀ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, kó fi sáńpépà bó o títí tí kò fi ní gún ọmọ lọ́wọ́. Kò sí ohun ìṣeré tó dára tó ìyẹn lọ́jà. Igun yàrá kan, ẹ ta aṣọ àǹkárá sí i, kí ẹ tẹ́ ẹní àti ìrọ̀rí sílẹ̀ fún ọmọ tí ariwo bá sú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé yín ni ọrọ̀ wà. Ẹni tó ní igi máńgòrò ti ní òrùlé. Ẹ to búlọ́ọ̀kù yí ibi kan ká lábẹ́ òjìji rẹ̀, kí ẹ da yanrìn sí i, kí ẹ sì máa fi tápólì bò ó lálẹ́ kí ológbò àti adìyẹ má baà sọ ọ́ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bó bá jẹ́ táyà lẹ lò dípò búlọ́ọ̀kù, ẹ lu ú níhò kí omi òjò má dúró sínú rẹ̀ pe ẹ̀fọn. Ẹ gbé báàfù omi síta, pẹ̀lú igbá, ike, ṣúkù àgbàdo, páálí àti àkísà.

Kí ẹ wá fara balẹ̀ wo ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń bu omi sínú ike ọlọ́rùn tóóró. Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa dà á sí. Á tún bu òmíràn, á fa ike náà mọ́ra, á yọ ahọ́n síta, á rọra tẹ igbá. Bó bá yá, á ká páálí, á fi ṣe àrọ. Ìṣirò ti wọlé, ìwọ̀n ti wọlé, ọwọ́ tí yóò di pẹ́ńsù mú lọ́la ti ń le, olùkọ́ kò sì tíì la ẹnu.

C. Th. Sørensen, ará Denmark tó máa ń ṣètò ọgbà, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ń fi pápá ìṣeré tí òun ṣe fún wọn sílẹ̀, wọ́n ń sá lọ ṣeré níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, láàárín àjákù pákó àti bíríkì. Ní 1943, nígbà tí ọmọ ogun Jámánì ṣì gba ìlú wọn, wọ́n ṣí pápá alájàkù kan ní Emdrup ní Copenhagen, àwọn ọmọ ń kọ́ ohun tó wù wọ́n níbẹ̀. Àwa tí a ti fi yanrìn se àsáró nígbà èwe kò nílò kí Òyìnbó wí èyí fún wa, àmọ́ òbí tó ń sanwó lè fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ sọ fún wọn.

Báàfù omi yẹn, àgbà kan kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀, nítorí ọmọ ọdún méjì lè kú sínú korobá. Bí eré bá ti parí, ẹ dà á nù. Ohunkóhun tó bá lè wọ inú páálí róbótó tí wọ́n ká tíṣù mọ́, ẹ mú un kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ọmọ ayò wà lára rẹ̀.

Sílàídì kò burú, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe: ọmọ á gùn ún, á yọ̀ sílẹ̀, àwọn yòókù á tò lẹ́yìn rẹ̀, ìjà á dé. Bí ẹ bá padà rà á, ẹ má gbé e sórí sìmẹ́ǹtì. Àjọ tó ń mójú tó ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà ní yanrìn tó jìn tó ínǹṣì 9 ló yẹ kó wà lábẹ́ ohun tí ọmọ lè já bọ́ láti orí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4.

Tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbàgbé rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má jókòó ti ẹ̀rọ awòran ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, kó sì fi ó kéré tán wákàtí mẹ́ta máa sá sókè sódò. Wákàtí kan yẹn, wọ́n á ti lò ó tán nílé.

Ní ti èdè, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Gẹ̀ẹ́sì pa àwọn ọmọ yẹn lẹ́nu mọ́ nídìí yanrìn.

Kí káfíńtà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó fún jẹ́lé-ó-sinmi níwèé àṣẹ. Bó bá jẹ́ wọ́n máa ní kí ẹ tún nǹkan ṣe, ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ kí owó tó tán.