Ẹ̀KỌ́: MỌ ÌDÍ IṢẸ́ TÍ A RÁN Ọ

Ẹ̀kọ́ òní kan gbogbo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ìbáà ṣe ní ọ́fíìsì, ní ibi ìkọ́lé, tàbí nínú ọjà. Àwọn àgbà wí pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀?

1. IṢẸ́ NÍ ARA, Ó SÌ NÍ ÌDÍ
Ara iṣẹ́ ni ohun tí ọ̀gá fi ẹnu sọ. Ìdí rẹ̀ ni oore tí ó fẹ́ kí ó ti inú rẹ̀ jáde. Ẹ wo ọmọṣẹ́ mọlémọlé kan. Ọ̀gá ní kí ó máa bu omi sí kọ̀ǹkéré òrùlé láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ 7. Ní ọjọ́ kejì ó fọwọ́ kàn án, ó le. Ó ní, "Èyí ti gbẹ, kí ni mo tún ń da omi sí?" Ó bá lọ jókòó. Kò mọ̀ pé oòrùn kọ́ ni ó ń mú sìmẹ́ńtì le. Omi àti sìmẹ́ńtì ni ó ń darapọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ó fi ń dà bí òkúta. Bí omi bá tètè gbẹ lára rẹ̀, agbára rẹ̀ kò ní pé, ó sì lè là. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ o, ìdí ni kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ yóò máa sùn.

2. A LÈ JÍṢẸ́ KÍ IṢẸ́ MÁ JẸ́
A ní kí ẹnì kan fi alùpùpù gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi lọ sí abúlé. Ohun tí ó gbọ́ kò ju pé, "Gbé kúlà yìí débẹ̀." Ó yà kí ọ̀rẹ́, kúlà wà nínú oòrùn, ó tún ń ṣí i mu omi tútù. Ó débẹ̀, ìgò kan kò fọ́, ó ní òun ti jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n oògùn náà gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, bí a dá a padà sínú yìnyín kò lè tún un ṣe, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. A ó gún ọmọ lábẹ́rẹ́, ọkàn ìyá rẹ̀ a balẹ̀, èéyi a sì tún lè mú un.

3. ÀPẸẸRẸ NÍNÚ BÍBÉLÌ
Ní Jẹ́nẹ́sísì orí 41, Jósẹ́fù ní kí a kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko pamọ́ fún ọdún 7. Ó sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú: ìyàn ọdún 7 ń bọ̀. Nehemáyà náà sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ìdí tí odi Jerúsálẹ́mù fi gbọ́dọ̀ dìde, kí ẹ̀gàn lè kúrò. Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbọ́: ẹ máa sọ ìdí fún àwọn tí ẹ ń rán.

4. BÍ A TI Í BÉÈRÈ
Bí a bá bi ọ̀gá pé "Nítorí kí ni?", ó lè dà bí àfojúdi. Kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, má ṣe béèrè lójú oníbàárà, kí o sì wí pé: "Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Kí n lè ṣe é bí ẹ ti fẹ́, ta ni yóò lò ó? Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ ẹ? Kí ni kò gbọdọ̀ yẹ̀ níbẹ̀?" Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, ìbéèrè ìkẹyìn yẹn nìkan tó. Lẹ́yìn náà, tún un sọ fún un bí o ti gbọ́ ọ. Abéèrèọ̀nà kì í ṣìnà.

5. BÍ ÌDÍ RẸ̀ BÁ BURÚ ŃKỌ́?
Bí a bá ní kí o yí ọjọ́ tàbí iye owó padà nínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, ṣọ́ra. Ọwọ́ tí ó kọ ọ́ ni a ó kọ́kọ́ dì mú. Fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
(a) Iṣẹ́ wo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí? Ta ni yóò jẹ oore rẹ̀?
(b) Ta ni ìwọ fúnra rẹ ń rán níṣẹ́ láìsọ ìdí fún un?

Kí Olúwa fún wa ní òye iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.