Aago Kọ̀ǹpútà Tó Sùn Tó Sì Jí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí àti gbogbo ìjọ mọ́ṣáláṣí, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lé aago inú kọ̀ǹpútà. Ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ta ni kò mọ bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó tọ́jú iṣẹ́ pa mọ́ bó ṣe wà, kó sì sùn.

Kọ̀ǹpútà kan lè gbé òmíràn sínú. Virtual machine ni wọ́n ń pe èyí tó wà nínú. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní àlejò, kí a pe ti òde ní onílé. Onílé ní bátìrì kékeré tí ń mú aago rẹ̀ rìn bí iná tilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ́jú àlejò pa mọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ ní aago 2 ọ̀sán, tí a jí i ní ọjọ́ Ajé, Jímọ̀ aago 2 ló ṣì wà lójú tirẹ̀. Ó jọ ti àwọn ará ihò inú Súrà Káhfì, tí wọn kò mọ bí oorun wọn ti gùn tó. Owó àtijọ́ ọwọ́ wọn ló tú àṣírí.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ká ní a tún máàkì ọmọ kan ṣe nínú àlejò ní ọjọ́ Ajé yìí. Déètì Jímọ̀ ni yóò wà lára rẹ̀. Bí ẹ̀dà tí kò tọ́ bá ti wà níbòmíràn pẹ̀lú déètì Sátidé, ẹ̀rọ tó ń mú èyí tó tuntun jù yóò gba ti irọ́, yóò sì da òótọ́ nù. Bí ètò ìpe ìrun bá wà nínú rẹ̀, ó lè pe Alásàrí láàárọ̀.

Àwọn kan rò pé íntánẹ́ẹ̀tì yóò tún un ṣe. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ètò tí ń jẹ́ ntpd, bó bá rí i pé aago fi ju ìṣẹ́jú àáyá 1,000 lọ yàtọ̀ (ìyẹn bí ìṣẹ́jú 17), yóò kọ̀, yóò sì pa ara rẹ̀ dé. Bó bá sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́ fa aago, kò lè fà ju ìdajì ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọjọ́ 3 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 259,200. Ẹ ṣírò rẹ̀: yóò ju ọdún 16 lọ! Fífò ni aago náà gbọ́dọ̀ fò.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ aago onílé wò, torí bí tirẹ̀ bá ṣì, àṣìṣe ni àlejò yóò gbà. Lórí VirtualBox, ẹ fi Guest Additions sínú àlejò. Yóò máa gba aago lọ́wọ́ onílé bó bá ti jí. Bí àlejò bá jẹ́ Windows, àṣẹ rẹ̀ ni w32tm /resync. Bó bá jẹ́ Linux tó ń lo chrony, chronyc makestep ni. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú rẹ̀.

Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ wákàtí 1 géérégé, ẹ má fọwọ́ ti aago. Àgbègbè tí a yàn fún un ni kò tọ́: ẹ yan Lagos, nítorí aago Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣáájú ti Greenwich, yálà òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má sì fi oòrùn dá a lẹ́jọ́ pé aago 12 ló yẹ kó wà ní àtàrí. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí ìṣẹ́jú 40 lẹ́yìn aago 12 ló máa ń débẹ̀.