OYIN ÀTI ÒDÒDÓ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌGBÀ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn fi mọ oyin: adùn rẹ̀ àti oró rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ó ń ṣe nínú oko tí ó níye lórí ju afárá lọ, iṣẹ́ náà ni ó sì yẹ kí olùkọ́ fi han àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi elégédé ṣe àpẹẹrẹ. Orí ìtàkùn kan náà ni òdòdó akọ àti òdòdó abo ń hù sí, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èso kékeré tí ó wà ní ìdí abo ni a fi ń dá a mọ̀. Akọ ni ó ní ìyẹ̀fun. Bí ìyẹ̀fun yìí kò bá dé ara abo, èso kékeré náà yóò rọ, yóò sì já. Ìyẹ̀fun náà wúwo, ó sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, nítorí náà atẹ́gùn kò lè gbé e. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni òdòdó náà ń là. Kí ó tó di ọ̀sán, ó ti pa dé. Bí oyin kò bá wá láàrin wákàtí díẹ̀ wọ̀nyí, ìrètí èso kò sí mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé oyin kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Mẹ́ta nínú wọn nìyí:

1. Oyin tí a ń jẹ afárá rẹ̀. Bí ó bá jáde, irú òdòdó kan náà ni ó sábà ń bẹ̀ wò títí yóò fi padà sílé. Nípa bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun elégédé kì í ṣòfò sórí òdòdó ọsàn.

2. Oyin kékeré tí kì í ta ènìyàn. Inú ihò igi tàbí ti ògiri ni ó ń gbé. Ara rẹ̀ kéré tó láti wọ inú òdòdó wẹ́wẹ́.

3. Oyin dúdú ńlá tí ń gbẹ́ ihò sínú igi gbígbẹ. Tòmátì fi ìyẹ̀fun rẹ̀ pamọ́ sínú àpò tóóró. Oyin yìí a di òdòdó náà mú, a gbọn ara rẹ̀ tòun ti ariwo, ìyẹ̀fun a sì tú jáde. Oyin afárá kò lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n ó ń jalè pẹ̀lú: bí òdòdó bá gùn jù, a dá ìdí rẹ̀ lu, a mu omi adùn rẹ̀, a sì lọ láìfọwọ́ kan ìyẹ̀fun.

Àgbàdo ní tirẹ̀ kò nílò oyin. Atẹ́gùn tó o.

Olùkọ́ bí tiwa ni Christian Konrad Sprengel, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Spandau ní Jámánì. Ní 1793 ó kọ ìwé láti ṣàlàyé bí kòkòrò ti ń ran òdòdó lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ìgbà rẹ̀ kò kà á sí. Ṣùgbọ́n Charles Darwin ka ìwé náà ní 1841, ó sì yìn ín.

Ìdánwò fún kíláàsì: Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di òdòdó abo elégédé kan tí yóò là lọ́jọ́ kejì, ẹ fi òmíràn sílẹ̀ láìdì. Kí àwọn ọmọ máa wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Àwọn kan ń fi iná sun ilé oyin nítorí afárá. Àwọn mìíràn ń fọ́n oògùn kòkòrò sí oko ní òwúrọ̀, nígbà tí òdòdó là. Ìkórè ara wọn ni wọ́n ń bàjẹ́. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èso tí ó rọ lábẹ́ aṣọ yóò lè sọ ọ́ fún baba rẹ̀ nílé, ẹ̀kọ́ wa yóò sì dé oko.