Àjàní, Fi Àwọn Vampire Weekend Lọ́rùn Sílẹ̀

Àjàní, jókòó. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, mo ní kí o jókòó. Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyàwó rẹ, pé o kò jẹun alẹ́ nítorí àwo orin? Bàbá ọlọ́mọ méjì! O wá ń fajú ro bí ọmọ tí wọ́n já àkàrà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Má tíì dá mi lóhùn, mi ò tíì parí.

Kí ni àwọn Vampire Weekend, ẹgbẹ́ olórin Amẹ́ríkà yẹn, ṣe fún ọ gan-an? O ní láti ìgbà tí Rostam Batmanglij ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 2016 ni nǹkan ti dàrú. Nígbà tí wọ́n gbé Father of the Bride jáde ní 2019, orin 18 ló wà nínú rẹ̀, o ní ó ti pọ̀ jù. Ó gba Grammy, o ṣì ń ráhùn. Wọ́n wá gbé Only God Was Above Us jáde ní oṣù kẹrin 2024, orin 10 péré, o tún ní gìtá ti àtijọ́ ti di àwátì, pé ariwo ló gbòde. Ta ló lè tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Ṣebí ilé mi lo wà nígbà tí àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 2008. Àwọn ọmọ tó pàdé ara wọn ní Yunifásítì Columbia, tí wọ́n ń ta gìtá wínníwínní. O sáré wá bá mi pé, "Àǹtí, ẹ wá gbọ́, ó jọ tiyín." Mo sọ fún ọ pé kì í ṣe tiwa, ti àwọn ará Kóńgò ni, kwassa kwassa, ijó wọn, wà nínú àkọlé orin kan níbẹ̀, wọn ò kúkú fi pa mọ́. Ṣé o rántí bí àwọn èèyàn ṣe bú wọn nígbà náà? Wọ́n ní kí ló kan àwọn ọmọ ilé ìwé olówó pẹ̀lú ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Ìwọ yìí lo ń bá àwọn tó ń bú wọn jà, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ẹnìkan.

Ó dáa. Wọ́n ti wá fi ti ẹlòmíràn sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ìlú ara wọn. Wo ara páálí àwo 2024 yẹn: fọ́tò tí Steven Siegel yà ní 1988 ni, nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ New York tó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, níbi tí wọ́n ń da àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ sí. Ẹnìkan ń ka ìwé ìròyìn níbẹ̀. Àkọlé ìròyìn náà, nípa ọkọ̀ òfurufú Aloha tí òrùlé rẹ̀ já lókè nítòsí Hawaii lọ́dún náà, ni wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ. Orin kan ń jẹ́ "Mary Boone": obìnrin tó ń ta àwòrán olówó ńlá ní New York ni, tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n ní 2019 torí owó orí. Ṣé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni o fẹ́ kí wọ́n fi gìtá wínníwínní kọ?

Mo gbà, ariwo yẹn pọ̀. Nígbà tí "Ice Cream Piano" gbóná tán, èmi ni mo dìde lọ yí i sílẹ̀. Àmọ́ ìwọ tó ní o mọ̀ wọ́n ju ìyá wọn lọ, ṣé o gbọ́ ìlù inú "Connect"? Ìlù "Mansard Roof" ni, orin tó ṣáájú nínú àwo 2008! Ọmọ tó ní òun gbọ́n, etí rẹ̀ kò gbọ́. Ìlù ẹgbẹ́ Soul II Soul ti London ló sì wà nínú "Mary Boone", èyí tí èmi jó sí kí o tó dé ayé.

Gìtá, gìtá. Sunny Adé, olórin jùjú tiwa, mú pedal steel, gìtá tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà fi ń kọ kọ́ńtìrì, ó gbé e fún Dèmọ́lá Adépọ̀jù, ó wọnú jùjú, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́ kúrò mọ́. Ká ní irú rẹ ni olólùfẹ́ rẹ̀, ìgò ni ì bá máa lù títí di òní.

Lọ gbọ́ "Hope", òun ni wọ́n fi parí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 8. Má fò ó, má sì máa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní tèmi o, àwo yìí dára ju ti 2019 lọ fíìfíì. Bí o bá gbọ́ ọ tán tí o ṣì fẹ́ jiyàn, pè mí, ṣùgbọ́n jẹun ná.