Òmìnira Àwa Tí A Wà Níta, àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò Wa Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ògiri

Kùtúbà Jímọ̀, ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ọdún 2021
Kirikiri, Apápá, Ìpínlẹ̀ Èkó

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó fi ọlá fún ọmọ Ádámọ̀, tí Ó sì pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó rí jẹ má ṣe gbàgbé ẹni tí kò rí jẹ. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, a gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú láti páyà Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nítorí pé ìpayà Ọlọ́hun ni ìpèsè tí ó dára jù lọ fún ìrìnàjò tí gbogbo wa ń rìn.

Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀

Ọjọ́ méjì ni ó papọ̀ fún wa lónìí. Èkíní ni Jímọ̀, olórí àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Èkejì ni ọjọ́ òmìnira orílẹ̀-èdè wa, tí ó pé ọdún 61. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960, ní pápá Race Course ní Èkó, tí à ń pè ní Tafawa Balewa Square lónìí, ni wọ́n ti sọ àsíá àwọn òyìnbó kalẹ̀, tí wọ́n sì ta àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun sókè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, mùsùlùmí bíi tiwa, tí ó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, gba ìwé òmìnira lórúkọ gbogbo wa. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa rántí bí àwọn ọmọ ilé-ìwé ṣe ń ju àsíá kékeré ní ọjọ́ náà.

Ìsinmi ni lónìí. Kóòtù ti pa, ilé ìfowópamọ́ ti pa, àwọn ọmọ wà nílé. Ẹni tí ó lágbára yóò se ìrẹsì, ẹni tí kò lágbára yóò sinmi. Ṣùgbọ́n àwa ará Kirikiri kò lè sọ̀rọ̀ òmìnira bí ará àdúgbò mìíràn ti ń sọ ọ́. Bí a bá dárúkọ àdúgbò wa fún ẹni tí ó ń gbé ní Kánò tàbí ní Kàlàbá, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ohun àkọ́kọ́ tí yóò wá sí i lọ́kàn. Mẹ́ta ni wọ́n ní àdúgbò yìí: ti ẹ̀ṣọ́ líle, ti ẹ̀ṣọ́ ìwọ̀nba, àti ti àwọn obìnrin. Ní ọdún 2019 ni òfin yí orúkọ àjọ tí ó ń ṣàkóso wọn padà, láti àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n sí àjọ ọgbà àtúnṣe. Orúkọ ti yí padà. Ògiri wà níbi tí ó wà. A ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ọjà, a sì ń gba ibẹ̀ bọ̀ wá kí Jímọ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, aládùúgbò wa ni wọ́n.

Ohun tí Alùkùránì kọ́ wa

Nínú Súúrà Al-Insān, ẹsẹ kẹjọ àti ìkẹsàn-án, Ọlọ́hun ṣe àpèjúwe àwọn ẹni rere tí yóò jogún àlùjánà. Ó sọ pé wọ́n a máa bọ́ irú ènìyàn mẹ́ta, tí oúnjẹ náà sì wu àwọn fúnra wọn: aláìní, ọmọ òrukàn, àti ẹni tí ó wà ní ìdè. Wọn kì í bèèrè ẹ̀san, wọn kì í sì í retí ọpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún. Ojú rere Ọlọ́hun nìkan ni wọ́n ń wá.

Ẹ wo ẹni kẹta yẹn dáadáa, ẹ̀yin ará wa. Ibn Abbas sọ pé kèfèrí ni àwọn òǹdè tí ó wà lọ́wọ́ mùsùlùmí nígbà tí ẹsẹ náà sọ̀kalẹ̀. Mujāhid sọ pé ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ni. Èyí tí ó wù kí á mú nínú àlàyé méjèèjì, ẹ̀kọ́ kan náà ni ó já sí: Ọlọ́hun kò ní kí á kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹni tí ó wà ní ìdè jẹ́ ẹni rere kí á tó fún un ní oúnjẹ.

Nínú Súúrà Al-Balad, láti ẹsẹ ìkọkànlá dé ìkẹrìndínlógún, Ọlọ́hun tún fi iṣẹ́ rere wé òkè gíga kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gùn. Ohun àkọ́kọ́ tí Ó kà nínú àlàyé òkè náà ni títú ọrùn ẹrú sílẹ̀ nínú ìdè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ó tó kan fífún ènìyàn ní oúnjẹ ní ọjọ́ ebi.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà nínú Súúrà Al-Mā'ūn, èyí tí ọmọdé ilé-kéú wa mọ̀ lórí. Ní ìparí rẹ̀, Ọlọ́hun fi ègún lé àwọn tí wọ́n ń kírun ní ṣekárími, tí wọ́n sì ń fi ohun kékeré du ọmọnìkejì. Ibn Mas'ūd ṣàlàyé pé ohun kékeré náà ni ohun tí àwọn ènìyàn máa ń yá lọ́wọ́ ara wọn: àáké, ìkòkò, korobá. Èyí yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Ọlọ́hun fi ìrun àti korobá sínú súúrà kan náà. Ẹni tí ó ń kírun, tí ó wá ń fi korobá du aládùúgbò rẹ̀, kò tí ì mọ ohun tí ìrun náà ń sọ fún un.

Ìwà Ànábì sí ẹni tí ó wà ní ìdè

Lẹ́yìn ogun Badr, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pín àwọn òǹdè fún àwọn sàhábé, ó sì ní kí wọ́n ṣe dáadáa sí wọn. Abu Azīz ọmọ Umayr wà lára àwọn òǹdè náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé nígbà tí oúnjẹ bá dé, àwọn ará Madīnah tí ó mú òun yóò gbé búrẹ́dì fún òun, wọn yóò sì fi èso dàbínù tẹ́ ara wọn lọ́rùn. Búrẹ́dì ni ó ṣọ̀wọ́n ní Madīnah nígbà náà. Dàbínù ni ó pọ̀. Ojú ń ti òun, òun á dá a padà, wọn yóò sì tún gbé e fún òun.

Ti Thumāmah ọmọ Uthāl náà wà nínú hádíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá. Olórí ẹ̀yà Banū Hanīfah ni. Wọ́n mú un, wọ́n sì dè é mọ́ òpó mọ́ṣáláṣí Ànábì. Ẹ ronú sí i: inú mọ́ṣáláṣí ni òǹdè náà wà, ó ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń kírun, ó sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ànábì fi ń wá bá a, tí ó ń bèèrè bí ó ti wà àti ohun tí ó ní lọ́kàn. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Thumāmah lọ wẹ̀ nínú ọgbà ọ̀pẹ kan nítòsí, ó padà wá, ó sì gba ẹ̀sìn. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú un. Ohun tí ó rí ni ó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.

Kí á má gbàgbé Ànábì Yūsuf. Ó bẹ ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n pé kí ó dárúkọ òun níwájú ọba nígbà tí ó bá jáde. Ọkùnrin náà jáde, ó sì gbàgbé. Nítorí ìgbàgbé ẹnì kan, ọdún mélòó kan ni aláìṣẹ̀ tún lò ní àtìmọ́lé. Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí ó jáde tí ó gbàgbé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìgbàdùn òmìnira ni ó gbà á lọ́kàn. Irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń bá àwa tí a wà níta jà.

Ìbéèrè kan tí ó yẹ kí á dáhùn

Ẹnì kan lè sọ pé: ọ̀daràn ni wọ́n, wọ́n ti ja ẹlòmíràn lólè, wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ló dé tí a fi ń ṣàánú wọn? Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n jà lólè ní ẹ̀tọ́ tí kò lè parẹ́. Ìsìláàmù kò sọ pé kí á má fi ìyà jẹ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ohun méjì wà láti rántí. Èkíní, ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí ó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ju ìdajì gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ dáadáa. Adájọ́ kò tí ì dá wọn lẹ́bi. Abala 36 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé aláìṣẹ̀ ni wọ́n títí di ìgbà tí ẹ̀rí bá fi hàn pé wọ́n jẹ̀bi. Ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí ó ti gba béèlì ṣùgbọ́n tí kò rí onídùúró. Ẹlòmíràn wà tí adájọ́ ní kí ó san owó ìtanràn tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n, tí kò sì rí ẹni bá a san án. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, àìní ni ó tì í mọ́lé.

Èkejì, ẹni tí ó tilẹ̀ jẹ̀bi kò tíì jáde kúrò lábẹ́ àánú. Wọ́n mú ọkùnrin kan tí ó máa ń mu ọtí wá síwájú Ànábì, wọ́n sì fi ìyà òfin jẹ ẹ́. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ èpè lé e, Ànábì kọ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n má bá Èṣù dìmọ̀ pọ̀ lórí arákùnrin wọn. Ìyà ti tó, èpè kò sí lára rẹ̀.

Oore kékeré tí ọwọ́ wa tó

Ọ̀rọ̀ ìjọba tóbi ju wa lọ. Ìwé òfin fún Ààrẹ àti gómìnà ní agbára láti forí ji ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n sì máa ń lò ó ní irú ọjọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ́ Abu Dharr pé kí ó má fojú kéré oore kankan, ìbáà jẹ́ kí ó fi ojú tí ó tújú ká pàdé ọmọnìkejì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú ohun tí ọwọ́ wa tó.

Èkíní: ọṣẹ, ìpara, aṣọ ìnura, ohun ìkírun, ohun tí obìnrin ń lò ní àsìkò nǹkan oṣù. Kí á kó wọn jọ, kí á sì gba ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àlùfáà tí ìjọba fi sí ibẹ̀ fi wọ́n ránṣẹ́, kí ohun gbogbo lè wà ní ìlànà.

Èkejì: owó ìtanràn. Ẹnì kan lè má lè dá a san. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Lára ènìyàn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun kà sínú Súúrà At-Tawbah, ẹsẹ ọgọ́ta, pé kí á fún ní sàká, ajigbèsè wà níbẹ̀, ọrùn tí ó wà ní ìdè náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ẹbí tí kò ní lọ́yà, kí ó júwe ilé iṣẹ́ Legal Aid Council fún wọn, tàbí ti agbẹjọ́rò aráàlú ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn fún aláìní. Àlàyé lásán lè já ìdè.

Ẹ̀kẹta: ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí a bá rí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́, tí kò mọ ibi tí yóò yà sí, kí á fún un ní omi, kí á fún un ní owó ọkọ̀ dé Mile 2. Kí á má bi í ní ohun tí ó ṣe. Bí ó bá jẹ́ ọmọ àdúgbò wa, ní Ajégúnlẹ̀ tàbí Olódì, kí oníṣẹ́ ọwọ́ kan gbà á sọ́dọ̀. Ẹni tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá lé jáde, ilé tí ó ti ń bọ̀ nìkan ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀kẹrin: àwọn tí ìsinmi kò kàn. Àwọn wọ́dà wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Kí á kí wọn, kí á kí ẹbí wọn. Àwọn awakọ̀ tánkà àti tírélà tí ó ń lọ sí ibùdó epo àti Tin Can wà lójú títì wa. Láti oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n ti gbé ìlànà ìpe-ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Ètò kalẹ̀, síbẹ̀ awakọ̀ tí ó jìnnà sílé ṣì wà láàárín wa. Èébú kì í sún ọkọ̀ síwájú. Omi inú ọ̀rá kan, àti ibi tí yóò ti ṣe àlùwàlá, sààráà ni.

Ìkarùn-ún: mímú ohun tí ó ń ni ènìyàn lára kúrò lójú ọ̀nà, èyí tí Ànábì kà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Gọ́tà iwájú ilé wa wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Kí á kíyè sára. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tí ẹ fún ní nǹkan. Súúrà Al-Baqarah, ẹsẹ 264, kìlọ̀ pé ìrègún àti ìpalára ọ̀rọ̀ a máa ba sààráà jẹ́.

Kùtúbà kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí Ọlọ́hun gbé Ànábì Yūsuf gorí oyè, tí ó ń ka oore Ọlọ́hun lórí ara rẹ̀, ìjáde kúrò lẹ́wọ̀n ni ó dárúkọ. Àwa tí a jí láàárọ̀ yìí, tí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn wá sí mọ́ṣáláṣí, tí ẹnikẹ́ni kò ka iye wa ní òru, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé oore ńlá ni. Fífi í ṣe oore fún ẹlòmíràn ni ọpẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́hun, bùkún orílẹ̀-èdè wa, kí O sì fún àwọn olórí wa ní ìbẹ̀rù Rẹ. Ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé láìṣẹ̀, tú u sílẹ̀. Ẹni tí ó jẹ̀bi, fún un ní ìrònúpìwàdà tòótọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, tu ú nínú, kí O sì dá ohun tí ó sọnù padà fún un. Àwọn ìyá tí ó ń gbé oúnjẹ wá sí ẹnu ọ̀nà yẹn, má jẹ́ kí ó rẹ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ Kirikiri, Ajégúnlẹ̀ àti Apápá, má jẹ́ kí wọ́n mọ inú ògiri náà bí kò ṣe láti fi oore wọlé. Foríjì wá, foríjì àwọn òbí wa, kí O sì gba ìrun wa. Āmīn.

Ẹ dìde, ẹ to sàfú yín dọ́gba, kí á kírun.